Ohùn Ẹlẹ́rù Nínú Géèmù

Ẹyẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí n fi sí i. Ẹyẹ! Nínú géèmù tí wọ́n ní ọjà Mile 12 ló ti ń ṣẹlẹ̀. Mo wo àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó jókòó yí tábìlì ká nínú ọ́fíìsì olótùútù kan ní Ifákọ̀, mo bi wọ́n pé ta nínú wọn ló ti gbọ́ ohùn ẹyẹ rí ní Mile 12. Ẹyẹ tó bá ṣèèṣì bà síbẹ̀, ariwo àwọn tó ń já ẹrù nìkan tó láti mú un gbàgbé orin ìyá rẹ̀.

Ọ̀gá wọn, tó ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà, rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí a fẹ́ ni African feel. Ìlù díẹ̀, fèrè díẹ̀, ẹyẹ díẹ̀. Ẹ gbọ́ mi yé, àbí?"

Mo gbọ́ ọ yé dáadáa. Ohun tó yé mi ni pé òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ò tíì wọ Mile 12 rí. Ẹni tó ń ra tòmátò mẹ́rin nínú ọ̀rá lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á nínú fíríìjì ló fẹ́ ṣe géèmù ọjà tòmátò. Bí èèyàn bá gbé ọ̀kan nínú wọn sí ẹnu ọ̀nà ọjà yẹn láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò rọ̀, tí ẹrẹ̀ mu èèyàn dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹkún ni yóò fi pe ìyá rẹ̀.

Síbẹ̀, kí n má purọ́, iṣẹ́ náà wù mí gan-an. Kíbọ́ọ̀dù ni mò ń tẹ̀ ní ìjọ kan ní Ìkòsí. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ wá sí ìjọ wa lọ́jọ́ Àìkú kan, ó sì gbọ́ ohun tí mo máa ń ṣe lábẹ́ àdúrà. Àwọn tí kò mọ̀ rò pé ẹnu pásítọ̀ ló ń mú wọn sunkún. Ọdún kọkànlá tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ rèé, mo sì ti rí àdúrà kan náà láti ẹnu èèyàn kan náà tí iná lọ láàárín rẹ̀. Bí kíbọ́ọ̀dù ṣe dákẹ́ báyìí, àwọn tó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú kan wo aago. Ìgbà tí a fi máa tan jẹ́nẹ́rétọ̀, àwọn kan ti ń nu ẹrẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n ń wá bàtà.

Iṣẹ́ kan náà ni ohùn ń ṣe nínú géèmù. Àwọn èèyàn á máa yin àwòrán, wọ́n á ní wò ó bí ó ṣe mọ́, wò ó bí irun ọkùnrin yẹn ṣe ń fẹ́. Àwòrán kọ́ ló ń mú ẹni tó jókòó gbàgbé àga ìdí rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èyí yé mi, géèmù aládùúgbò mi kan ni mo yá, obìnrin kan ló ń dá rìn nínú aṣálẹ̀. Okùn ohun èlò orin kan péré ni wọ́n ń ta sí i létí, díẹ̀díẹ̀, ìgbà tí ewu bá sì ń bọ̀, okùn yẹn á dákẹ́. Kò sí ohun tó dẹ́rù bà mí tó ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ẹ̀wà tí mo gbé kaná lọ́jọ́ náà di èédú, aládùúgbò mi ló wá kanlẹ̀kùn pé ilé ń jó.

Nítorí náà, mo gba iṣẹ́ náà, mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n kó ẹyẹ wọn lọ.

Géèmù náà fúnra rẹ̀ ò burú. Alábàárù ni ẹni tó bá ń ta á máa jẹ́, ìyẹn ẹni tó ń fi orí ru ẹrù ẹlẹ́rù nínú ọjà. Yóò gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò láti ibi tí wọ́n ti ń já a nínú ọkọ̀ àjàgbé, yóò ru ú dé ẹnu ọ̀nà, kò sì gbọ́dọ̀ dà á nù. Àwọn tó ń ti ọmọlanke á máa sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn, èèyàn ò sì lè bojú wẹ̀yìn nígbà tí apẹ̀rẹ̀ bá wà lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ru ẹrù rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wá ní, bí ojú ò bá lè rẹ́yìn, etí ni kó gbà á là. Mo ní kí alábàárù mìíràn máa rìn lẹ́yìn ẹni tó ń ta géèmù náà, kí ó máa ké ní gbogbo ìgbà tí ọmọlanke bá sún mọ́ tòsí: "Ẹ yàgò o, ẹlẹ́rù ń bọ̀!" Ẹni tó bá gbọ́ á yà. Ẹni tí kò bá gbọ́, tòmátò rẹ̀ á di ọbẹ̀ nílẹ̀.

Ohùn ìyá mi ni mo fẹ́ fi síbẹ̀, kì í sì í ṣe ohùn ẹlòmíràn.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni ìyá mi fi ru apẹ̀rẹ̀ ní Mile 12. Láti ẹ̀gbẹ́ Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá, wọ́n gbé mi pọ̀n wọ Èkó. Ìgbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀gbẹ́ obìnrin kan tó ń ta ata ni wọ́n máa ń fi mí sí, orí àpótí kan báyìí, wọ́n á ní n ò gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ibi tí mo jókòó sí yẹn ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ké. Ìdodo ni igbe náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kò ga, kò sì lọ́ ọ̀rọ̀. Tí ó bá dún, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń bú ara wọn á yà láì wo ẹ̀yìn, wọ́n á parí èébú wọn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Èmi náà tí mo jókòó sórí àpótí, tí n kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà, ara mi á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀. Mo máa ń mọ̀ pé màámi ń bọ̀ kí n tó rí apẹ̀rẹ̀ wọn láàárín èrò.

Ọ̀rọ̀ náà wá di kánkán nítorí gẹ̀gẹ̀. Ó ti pẹ́ lọ́rùn wọn, wọ́n ń fi gèlè bò ó, àfi ìgbà tí oúnjẹ ò rọ́nà kọjá mọ́. Dókítà ní wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, kí ẹ̀rù má bà wá, ṣùgbọ́n iṣan tó ń gbé ohùn wà nítòsí ibẹ̀. Ó ní ohùn náà lè yí padà, ó sì lè má padà sí bó ṣe wà mọ́. Ìyá mi mi orí, wọ́n ní ta ni wọ́n tún fẹ́ máa ké pè ní ọjọ́ ogbó. Èmi ni n kò lè fara mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ní láti fi gba ohùn tó tọ́ mi dàgbà sílẹ̀. Bí mo bá jẹ́ kó bọ́, kò tún sí ibòmíràn tí mo ti lè rí i.

Mo yá máìkì tó dáa jù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti fèrèsé yàrá wa ní Ìkòsí, mo fi tìmùtìmù dí gbogbo ihò, mo lé àwọn aládùúgbò tó ń fọ aṣọ kúrò nídìí ògiri. Mo gbé àga kan sí iwájú máìkì, mo ní kí ìyá mi jókòó, kí wọ́n ké bí wọ́n ṣe máa ń ké.

Ìyá mi wo àga, wọ́n wo máìkì. Wọ́n ní, "Gbé nǹkan lé mi lórí ná."

Mo ní, "Màámi, ohùn ni mo fẹ́, n ò fẹ́ ẹrù."

"Kódà kó jẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń ké e láì ru nǹkan. N ò rò pé mo ké e bẹ́ẹ̀ rí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ẹ̀rín tí mo rín, torí pé ẹ̀rín yẹn ni mo fi rín àwọn ará Ifákọ̀ nígbà tí wọ́n ní kí n fi ẹyẹ sí i. Mo ní máìkì tó wà níwájú wọn yìí, bí eṣinṣin bá sín, á gbọ́ ọ. Mo ní ọrùn tí wọ́n fẹ́ là ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé omi la ó tún gbé lé e? Mo ní kí wọ́n ṣáà ké.

Ìyá mi jókòó. Wọ́n ké e lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó mọ́ tónítóní, ó dùn, gbogbo ọ̀rọ̀ pé. Nígbà tí wọ́n tún sọ pé, "Jẹ́ ká fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbìyànjú," mo ti ń ká wáyà. Mo ní ó ti dáa.

Ọ̀gá Ifákọ̀ gbọ́ ọ, ó yí ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ó ti raw jù, pé fèrè á ṣe iṣẹ́ náà lọ́nà tó rẹwà. Ibẹ̀ ni mo ti bínú débi pé mo dìde. Mo ní bí ó bá fi fèrè rọ́pò ìyá mi, kó wá ẹlòmíràn tó máa fi ẹyẹ tì í lẹ́yìn. Wọ́n wá ní ká dán méjèèjì wò. Wọ́n kó èèyàn bíi mẹ́fà jọ, wọ́n ní kí wọ́n ta géèmù náà pẹ̀lú fèrè. Àwọn tí ń ta á ń mi orí sí fèrè, wọ́n ní ó dùn, ọmọlanke sì ń gbá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n fi ohùn ìyá mi sí i, wọ́n yà. Fèrè kì í lé èèyàn kúrò lọ́nà. Mo wo ọ̀gá náà títí ó fi gbé ojú sílẹ̀, inú mi dùn bí ọmọ alákàrà tó jẹ àkàrà yó.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Gẹ̀gẹ̀ lọ, oúnjẹ rí ọ̀nà gbà, ìyá mi tún ń jẹ iyán. Ohùn ni kò padà. Ohun tó ṣẹ́kù ò ju èémí lọ, ó ń ha bí ilẹ̀kùn tí omi òjò ti wú. Èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú kó tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Dókítà ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀, a ò rí ẹni bá wí. Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Tí mo bá wà nínú yàrá, tí wọ́n pè mí láti ẹ̀yìnkùlé, n kì í gbọ́. Mo wá ń tu ara mi àti ìyá mi nínú, mo ní, "Màámi, ohùn yín ò sọnù. Ọwọ́ mi ló wà." Mo máa ń sọ ọ́ tìgbéraga-tìgbéraga.

Kí géèmù náà tó jáde, mo ti mọ ibi tí yóò kú sí. Ilé géèmù ni.

Ẹ lọ wo ilé géèmù èyíkéyìí ní Ketu. Tẹlifíṣọ̀n márùn-ún, mẹ́fà, á tò sára ògiri, gbogbo wọn á ya odi. Gbogbo wọn ni wọ́n ti pa ohùn wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà wọ́n. Sípíkà ńlá kan á wà lẹ́nu ọ̀nà tí á máa kọ orin tí ẹnikẹ́ni ò pè é láti kọ. Àwọn tí kò mọ̀ jù bọ́ọ̀lù lọ ló kọ́ wa ní àṣà yìí, nítorí bọ́ọ̀lù ò nílò etí. Èèyàn á ṣe orin fún odidi ọdún méjì, á gbé e wọ inú géèmù kan, ọkùnrin kan ní Ketu á fi àtàǹpàkò kan pa á. Mo ti bá púpọ̀ nínú wọn jiyàn. Ògiri ló máa ń dá mi lóhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti ìyá mi ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọrùn wọn wò lọ́nà Ojota. A bọ́ sílẹ̀ ní Ketu. Ó ti rẹ̀ wọ́n, mo sì mọ ilé géèmù kan tó ní àga lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé wọ́n ti ní géèmù wa níbẹ̀. Mo ní ká lọ jókòó díẹ̀. Ìsinmi wọn nìkan kọ́ ló gbé mi débẹ̀. Mo fẹ́ kí ìyá mi gbọ́ ara wọn.

Fọkánáísà kan, tí gíríìsì ṣì wà lápá rẹ̀, ló ń ta á. Apẹ̀rẹ̀ lórí, ó rìn díẹ̀, ọmọlanke gbá a. Ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ọmọlanke gbá a. Nígbà ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ju páàdì ọwọ́ rẹ̀ sórí itan. Ó ní, "Ẹni tó ṣe géèmù yìí, orí ẹ̀ ò pé. Ó kàn ń pa èèyàn láti ẹ̀yìn ni!"

Orí mi gbóná. Mo lọ bá ọlọ́jà tó ni ilé géèmù náà, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ bá wa tan ohùn ẹ̀."

Ó wò mí. "Sound kẹ̀? Sound tí wọ́n fẹ́ fi ṣe kí ni? Ṣé sound ló ń ru tòmátò?"

"Ohùn yẹn ló máa sọ fún un pé ọmọlanke ń bọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, abeg. Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe géèmù ni?"

"Èmi ni mo ṣe ohùn ẹ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́jà ní, "Ẹ ò rí nǹkan! Bọ̀dá yìí ló ṣe èyí tí ẹnì kankan ò gbọ́!"

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi tí mo fẹ́ sọ fún un, nípa òun, nípa sípíkà rẹ̀, nípa ìdílé tó ti wá. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ìyá mi lórí àga, ọwọ́ wọn wà lórí àpá ọrùn wọn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo bẹ ọkùnrin yẹn. Èmi tí n kò bẹ ọ̀gá Ifákọ̀, mo bẹ ẹni tó ni ilé géèmù, mo ní nítorí ìyá mi tó jókòó yẹn, kó jẹ́ ká gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó wo ìyá mi, ó ní, "Ẹ káàsán o, Mummy." Ó pa orin ẹnu ọ̀nà, ó tan ohùn tẹlifíṣọ̀n.

Fọkánáísà bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Èémí ẹni tó ru ẹrù ló kọ́kọ́ dún, tèmi ni, mo mí in sínú máìkì títí òòyì fi kọ́ mi. Ohùn sálúbàtà nínú ẹrẹ̀ tẹ̀lé e. Àwọn tó ń ta géèmù bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dá ọwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni igbe náà jáde: "Ẹ yàgò o, ẹlẹ́rù ń bọ̀!" Ọkùnrin náà yà. Àtòun àtàwọn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ni ara wọn jọ yẹ̀ sápá òsì. Ọmọlanke kọjá. Ẹnì kan ní, "Háà!"

Mo yíjú sí ìyá mi bí ẹni tó fẹ́ gba àmì ẹ̀yẹ.

Ìyá mi ti yọ ṣùtì. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti jogún rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Mo tẹ̀ síwájú kí n lè gbọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ta ni obìnrin yẹn?"



Wọ́n tún ní, "Kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀. Ẹlẹ́rù ò lè ní èémí tó tó bẹ́ẹ̀. Tí apẹ̀rẹ̀ bá wà lórí, ọ̀rọ̀ yẹn ò ní pé lẹ́nu ẹ. Wàá ké ìdajì, wàá fi ìdajì gbé ẹsẹ̀. Èyí ń kọrin. Ó jókòó síbì kan, ó ń lé àwọn tó dúró." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ohùn. "Àwọn tó ṣe é ò dé ọjà rí."

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bá. Gbogbo òkò tí mo ti ń sọ láti Ifákọ̀, ẹyẹ, fèrè, fíríìjì, ojú mi ló wá bà sí. Ìtìjú mú mi débi pé etí mi gbóná. Mo rántí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn, omi wà nínú rẹ̀, kò jìnnà sí mi tó ìṣísẹ̀ mẹ́ta.

Igbe náà tún dún. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá mi tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi etí kan gbọ́ ọ. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n wò mí.

"Èmi ni?"

"Ẹ̀yin ni, Màámi."

Mo rí i tí wọ́n la ẹnu, tí ikùn wọn wọlé, mo sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Èémí nìkan ló jáde. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé géèmù náà tó yà. Wọ́n pa ẹnu dé, wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n sọ fún ọlọ́jà pé kó pa á. Kò gbọ́. Wọ́n tún un sọ, kò gbọ́.

Èmi ni mo bá wọn sọ ọ́ sókè. Mo ní, "Ọ̀gá, ìyá ní kí ẹ pa ohùn ẹ̀."

Ó pa á, orin ẹnu ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ padà. Mo di ìyá mi lọ́wọ́ mú, a dìde. Kí a tó dé títì, mo gbọ́ tí fọkánáísà náà kígbe pé ọmọlanke ti tún gbá òun láti ẹ̀yìn.